Mo Kọ́ Fóònù Kí Ó Má Dúró Gbọ́ Ìyá Tó Tọ́ Mi

Èmi ni mo parọ́, kì í ṣe Yèyé. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, nítorí mo mọ ara mi… tí mo bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, màá ṣàlàyé títí ẹ ó fi máa káàánú mi, mi ò sì wá àánú wá, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ojú ewé yìí, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo ti ń ka ìjẹ́wọ́ àwọn èèyàn níbí, mo sì máa ń kà á sókè fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá kí a lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, mo máa ń sọ pé irú ẹ̀dá wo ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé ara rẹ̀ jẹ́ tán, tó máa wá bi àwọn tí kò mọ̀ rí pé kí lòun máa ṣe. Ó dáa. Irú ẹ̀dá bíi tèmi ni.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Kì í ṣe irú àwọn tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ ìròyìn omi lẹ́nu bàbá wọn o, ọmọ orí omi gan-an ni mí, ìletò wa kò jìnnà sí Ugbónlá, orí òpó ni a kọ́lé sí, pákó ni a tẹ́ ṣe títì, tí pákó bá sì ti jẹrà, ọkọ̀ lẹ máa wọ̀ kí ẹ tó lè dé ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi, òun ni mò ń pè ní Yèyé. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, Yèyé kó mi mọ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ó ń yan ẹja, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ẹja yíyan yẹn ló fi rán mi dé yunifásítì. Kò mọ̀wé kà, kò sì ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Ẹ má bínú pé mò ń kọ “ó” fún àgbàlagbà, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, lọ́dọ̀ wa inú ìkíni ni àpọ́nlé wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò ní àwáwí. Ẹni tó ti ibòmíì wá tí kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ lè dárí jì í. Èmi mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo jókòó sílé fún ọdún kan gbáko pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Èkó tó gbà mí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Lọ́dọ̀ wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà bí òjò inú ọyẹ́. Ẹ lè pe èèyàn nígbà ogún kí ó má wọlé, ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ á máa yí po títí di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀sì kúkúrú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lásán, máa ń rí ihò gbà kọjá. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ kò lè tẹ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, a ṣe áàpù kan. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì pupa mọ́lẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀, fóònù fúnra rẹ̀ á gbọ́ ọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́ bíi tẹ́ẹ̀sì sí awakọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì ní èbúté, kó wá gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Tí iná kékeré orí rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti gbọ́ yín. Inú fóònù ni gbogbo ìgbọ́ràn náà wà.

Ibi tí iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Módẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa… ẹ kàn rò ó bí ọpọlọ kan tí wọ́n ti kọ́ ní ohùn èèyàn títí ó fi mọ̀ ọ́n… ó tóbi bí erin, inú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó jìnnà réré ló ń gbé. Fóònù tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn èèyàn wa sì ni èyí tó kéré jù lọ́jà. Iṣẹ́ mi ni láti sọ erin di ewúrẹ́, kí ewúrẹ́ náà sì tún máa gbọ́ ohun tí erin ń gbọ́. Mo ṣe é. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bò ó, mo mọ iṣẹ́ náà. Mo jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì ńlá máa kọ́ kékeré, ohun tí ńlá bá gbọ́ ni kékeré ń dà kọ. Mo gé àwọn ẹ̀ka tí kò so èso kúrò lára rẹ̀, mo gé àwọn nọ́ńbà gígùn tó fi ń ṣírò di kúkúrú. Oṣù mélòó kan ni mo fi ṣe é, ojú mi pọ́n, ọrùn ń dùn mí, mo sì ń dunnú, bóyá n kò tíì dunnú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ́ra. Tí èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, kíá ló ń kọ ọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, fóònù á gbóná bí ààrò, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kó tó parí. Ọ̀gá mi sì ti lọ sọ fún àwọn tó ń fi owó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa kó tó sọ ọ́. Ó kàn rí i pé “méjì” dùn lẹ́nu. Ọkùnrin tí kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí, tó bá sì fẹ́ sọ “odò” a máa sọ ọ́ bí ẹni tí omi kán sí lára… òun ló mọ bí ó ṣe yẹ kí àwọn èèyàn wa yára tó.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa gùn? Ìkíni ni. Kò sí àgbàlagbà kan láti Etíkàn títí dé Òde Mahin tó máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì láìkọ́kọ́ kí i. A ó kí ọ kú iṣẹ́, a ó kí ọ kú ojú omi, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè àwọ̀n rẹ tó ya lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbà náà ni a ó tó wá sọ pé ejò bu ọmọ jẹ. Èmi fúnra mi ni mo wọ ọkọ̀ káàkiri lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì náà. Mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ sínú fóònù bí ẹni ń pe ọkọ̀. Gbogbo wọn ló kí fóònù. Gbogbo wọn. Bàbá kan kí “ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀rọ” kú ìjókòó, ó ní inú ẹ̀rọ á há mọ́ wọn. Nígbà tí mo padà sí Èkó, mo tan ohùn wọn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ gbọ́, èmi ni mò ń tan án. Èmi ni mò ń sín wọn jẹ, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè rí i pé èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ará omi yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo gé ìkíni kúrò níwájú ohùn kọ̀ọ̀kan, mo kó gbogbo ohun tí mo gé sínú fódà kan, mo sì pe orúkọ fódà náà ní Pàǹtí. Ohùn Yèyé wà níbẹ̀.

Nígbà tí mi ò rí ohun tí mo tún lè gé lára módẹ́ẹ̀lì mọ́, mo gé etí rẹ̀. Mo ní kó máa gbọ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ láàárín mẹ́fà yẹn ló máa kọ, tó máa fi ránṣẹ́, tí iná á sì di àwọ̀ ewé, bí ẹ bá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ máa sọ ọ́ fún ara yín. Kíá ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹyẹ. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì géérégé. Ṣé mo mọ̀ pé ìkíni nìkan máa ń ju mẹ́fà lọ? Mo mọ̀. Èmi ni mo gé e o, mo mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n máa kọ́ ọ. Mo sọ fún ara mi pé ta ló ní kí wọ́n máa kí ẹ̀rọ. Mo ti fẹ́ràn yíyára kíákíá yẹn ju àwọn tí mo ń ṣe é fún lọ, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, ó sì burú ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ kalẹ̀ wá wò ó, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ sí i. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní aláboyún ń rọbí, ẹ gbé ọkọ̀ wá. Iná ti di àwọ̀ ewé kí n tó gbé ìka kúrò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan nínú wọn bi mí bóyá àwọn àgbàlagbà ti dán an wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́kàn mi, mo ń sọ pé ohùn wọn kúkú wà nínú rẹ̀, a lè pe ìyẹn ní dídán wò… ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́? Kó tó di ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ wa ti fún mi ní ìwé pé mo ti di òṣìṣẹ́ wọn pátápátá. Mo pe Yèyé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà mẹ́rin, nígbà tó wọlé, ó sunkún, ó ní ìyá mi ti gbọ́ níbi tó wà.

Wọ́n wá rán mi padà sílé pé kí n wá bójú tó ìdánwò rẹ̀ fún oṣù díẹ̀. A fún àwọn ilé kan ní fóònù. Ilé Yèyé wà lára wọn, èmi ni mo fi í sí i, mo rò pé oore ni mo ń ṣe. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó ọmọ Yèyé, wà nínú oyún àkọ́kọ́ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń wà lójú òkun fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́ Yèyé ní bọ́tìnnì, mo kọ́ ọ ní iná àwọ̀ ewé. Ó kọ́ ọ kíá. Mi ò sọ fún un nípa mẹ́fà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé fóònù tí ọmọ rẹ ṣe kò ní sùúrù?

Ọjọ́ tí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, òwúrọ̀ ni, èmi wà ní Òde Mahin, mò ń kọ́ àwọn kan bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Yèyé tẹ bọ́tìnnì, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ẹ̀sì tó dé ọwọ́ Bọ̀dá Akin, awakọ̀ tó wà ní èbúté lọ́jọ́ náà, kà báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ojú omi, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́.” Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́. Àmì orí ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì mi ṣiṣẹ́ dáadáa. Bọ̀dá Akin kì í ṣe èèyàn burúkú, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bí ó ṣe rí, kò lè wo ojú mi. Ó ní òun fi han àwọn tó jókòó ní èbúté, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní Yèyé ti di ọmọ yunifásítì, òmíràn ní kí wọ́n gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ ìyá yẹn. Òun náà wá tẹ èsì padà pé ilé wà, àwọn ọmọ wà, a dúpẹ́. Yèyé kò mọ̀wé kà. Ó gbọ́ tí fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí iná àwọ̀ ewé, ó sì sọ fún ìyàwó pé wọ́n ti dáhùn, wọ́n ń bọ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí.

Nígbà tó pẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ bẹ ẹni tó ti bẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìkíni rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu, mo mọ̀ pé…” Ibẹ̀ ló já sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gùn ju ìyẹn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá Bọ̀dá Akin tó ti kú. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọkùnrin èbúté ò tiẹ̀ wo fóònù mọ́. Àwọn aládùúgbò ló wá gbé ìyàwó sínú ọkọ̀, àjẹ̀ ni wọ́n fi wà á, omi ti fà, koríko orí omi dí ojú ọ̀nà, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó yè é. Ọmọ náà kò yè é. Ọkùnrin ni.

Mo gbọ́ nígbà tí mo ṣì wà ní Òde Mahin. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n tó fojú kan ẹnikẹ́ni. Nítorí ohun kan wà tí Yèyé kò mọ̀. Fóònù máa ń gba gbogbo ohùn sílẹ̀ bí ìka bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì, mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ló ń kọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ju ìyókù nù. Nígbà tí mo délé, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ dá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi í sétí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sọ ọ́ yékéyéké, kò gbọ̀n, kò pariwo. Ìyàwó ọmọ mi ló ń rọbí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ọkọ rẹ̀ wà lókun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ wá. Nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ń gbọ́ ìyàwó lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti òkun dé. Àwọn ẹbí jókòó sórí pákó níwájú ilé, wọ́n sì yíjú sí mi nítorí èmi ni ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi rọra bi mí, kò bínú, pé ṣé fóònù ló bàjẹ́ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́, mo búra, ó ti wà lórí ahọ́n mi… mo wá rí ara mi tí mo tún ń jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe máa yí padà, mo sì ní fóònù ò bàjẹ́. Mo ní Yèyé kò lò ó bó ṣe yẹ ni. Mo ní ìkíni ló ń kí wọn, kò sọ ohun tó fẹ́. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìyá rẹ̀. Yèyé wo mí, kì í ṣe bí ẹni tó mú mi, ó wò mí bí ẹni tó gbà mí gbọ́, ó wá sọ fún wọn pé, “Òun ló mọ̀ ọ́n. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.”

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹun nílé ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyàwó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, tí Yèyé bá ti kọjá, àwọn obìnrin á dákẹ́, ìgbà tó bá lọ ni wọ́n á sọ ọ́. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ̀kan tó ní ó kí ọmọ náà títí ọmọ náà fi padà síbi tó ti wá. Mo kọjá lọ. Mo lọ jẹ púpurú tí Yèyé gbé kalẹ̀ fún mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Mo ṣe ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi tó bá jámọ́ nǹkan kan. Mo ní ẹ jẹ́ kí fóònù dúró títí èèyàn á fi sọ̀rọ̀ tán, kó gba ìṣẹ́jú kan, kó gbóná. Ìṣẹ́jú kan. Àwa tí a máa ń jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí omi kún kí a tó lè kọjá, àwa ni wọ́n ń torí wa yára. Ó gbọ́ mi tán, ó kẹ́dùn, ó tiẹ̀ pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ dáadáa. Ó wá ní “user error” ni, àṣìṣe ẹni tó lò ó, òun ti kọ méjì sínú ìwé, méjì gbọ́dọ̀ dúró. Ó ní kí n pa ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ nítorí àṣírí ẹbí. Àṣírí ẹbí! Ó ní ohun tó kù ni kí a kọ́ àwọn èèyàn yẹn. “Àwọn èèyàn yẹn,” èmi ló ń sọ ọ́ fún. A wá ṣe pátákó ìkéde. Àwòrán ìyá àgbà kan wà lórí rẹ̀ tó la ẹnu gbàgà sí fóònù, wọ́n fi ìlà pupa dábùú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lábẹ́ pé: MÁ KÍ FÓÒNÙ. SỌ OHUN TÍ O FẸ́. Yorùbá ọ̀gá mi kò tó ìyẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo tiẹ̀ rí i dájú pé àmì orí rẹ̀ pé.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pín fóònù fún gbogbo ìletò, ní Òde Mahin, àwọn olóyè máa wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa kọ́ wọn. Ọ̀gá sì ti ní kí Yèyé wá sórí pèpéle kí ó wá fi hàn pé kódà ẹni tó ṣe àṣìṣe lè kọ́ ọ. Mo rò pé Yèyé máa kọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kó kọ̀. Ó ní tó bá máa ran iṣẹ́ ọmọ òun lọ́wọ́, òun á wá.

Mo ti mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa kọ. Ẹ máa ní kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi náà ti kọ ọ́ sábẹ́ ìjẹ́wọ́ ẹlòmíì rí nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn sú mi. Ẹ máa ní ọmọ ti kú, tí mo bá sọ̀rọ̀ kò ní jí, kí n di iṣẹ́ mi mú, kí n máa fi tọ́jú Yèyé. Ìyẹn dùn mọ́ mi débi pé mo mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: tí mo bá tan ohùn yẹn lọ́jọ́bọ̀ níwájú gbogbo èèyàn, iṣẹ́ ti lọ, kò sì sí ilé-iṣẹ́ míì tó máa gba ẹni tó dójú ti ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á mọ̀ pé èmi ni. Yèyé náà á mọ̀ pé èmi ni, pé mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lórí pákó yẹn tí mo sì mọ òótọ́. Tí mi ò bá tan án, ìyá àgbà kan á gba fóònù lọ́jọ́bọ̀, á gbé e lọ sílé, á sì kí i lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, pátákó kan kò lè mú ìkíni kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa láàárín ọjọ́ kan. Àbí kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níkọ̀kọ̀ ná? Àbí Yèyé ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀… ṣé kí n kọ́kọ́ kí i ni?

Àárọ̀ yìí, mo ṣì wà lórí ẹní nígbà tó wọ yàrá mi. Láti kékeré mi, Yèyé kì í wọlé tọ̀ mí láìbéèrè bóyá mo jí ire, láìki oríkì mi, ìgbà míì ó máa ń gùn débi pé mo máa ń fi aṣọ bo orí. Lónìí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Gbé omi wá.” Ìyẹn nìkan. Mo dìde, mo rò pé ó ń bínú, mo rò pé ó ti mọ̀, mo tiẹ̀ fẹ́ kó ti mọ̀. Ó wá rọra bi mí pé, ṣé ó yá tó báyìí? Ó ní láti àná lòun ti ń fi kọ́ra, ó ń nira díẹ̀ lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n kí n má fòyà, kó tó di ọjọ́bọ̀ òun á ti mọ̀ ọ́n.

Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n tan án ni, àbí kí n pa á rẹ́? Ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́bọ̀ tó dé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Yèyé wà níta nídìí ààrò ẹja, mò ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bí ọmọ iléèwé: gbé ọkọ̀ wá… gbé ọkọ̀ wá… gbé ọkọ̀ wá.